Mo fọ fóòmù fílítà máṣíìnì mi mọ́ tónítóní, síbẹ̀ eruku ń wọ kábúrétọ̀

Ọmọ Ajílété

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ máṣíìnì mi ni mo gbé wá. DT 125 ti Yamaha ni, àlòkù, two-stroke. Òun ni mo fi ń lọ oko wa lọ́nà Ìkòyí-Ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ apá ibẹ̀ mọ̀ pé téèyàn bá ti yà kúrò lórí ọ̀dà, ilẹ̀ pupa ni títí dé ìdí ebè. Nínú ọyẹ́ yìí, bí mo bá wọlé lálẹ́, àwọn ọmọ á ní mo dà bí ẹni tó fi osùn para.

Lóṣù tó kọjá mo yọ fóòmù fílítà rẹ̀, èyí tó ń gba eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń mí. Ó ti dúdú, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní ìdọ̀tí rèé. Mo fi ọṣẹ lúbúlúbú fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sá a, ó gbẹ, ó rí bíi tuntun, mo dá a padà sáyè rẹ̀. Inú mi dùn. Àná ni mo tún tú u, tí mo ki ìka bọ inú rọ́bà tó so àpótí fílítà mọ́ kábúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pàdé afẹ́fẹ́. Ìka mi pọ́n! Eruku tó kúnná bí ẹ̀lùbọ́ tí wọ́n ti jọ̀. Bẹ́ẹ̀, mo rántí pé nígbà tí fóòmù yẹn dọ̀tí, inú rọ́bà náà mọ́.

Báwo ni fóòmù tó mọ́ ṣe wá ń jẹ́ kí ìdọ̀tí kọjá? Ẹ bá mi dá sí i.

Ẹlẹ́ṣin Irin

Ṣé o fi ọ́ìlì sí i kó o tó dá a padà?

Ọmọ Ajílété

Ọ́ìlì kẹ̀? Ṣebí ọ́ìlì gan-an ni mo ń fọ̀ kúrò.

Bàbá Kábú

Ọmọ mi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Nǹkan tó ń lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́ yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí nìkan. Ọ́ìlì wà nínú rẹ̀, ọ́ìlì yẹn ló sì ń ṣiṣẹ́.

Ṣé o mọ àtè táwa ọmọdé ìgbà yẹn fi ń mú ẹyẹ? Ẹ̀ka igi kò sún mọ́ra débi tí ẹyẹ ò fi ní ríbi gbà kọjá. Àtè tá a fi ra ẹ̀ka ló ń mú un. Bẹ́ẹ̀ náà ni fóòmù. Gbé e sókè, kọjú rẹ̀ sí oòrùn, wàá rí i pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ihò rẹ̀ tóbi ju eruku ọ̀nà oko lọ fíìfíì. Eruku tó bá wọlé á máa forí sọ okùn tín-ín-rín inú fóòmù, lápá ọ̀tún, lápá òsì. Bí ọ́ìlì bá wà lára okùn yẹn, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, ó parí. Bí kò bá sí, á ta kúrò, á bá afẹ́fẹ́ lọ sínú kábúrétọ̀. Fóòmù gbígbẹ ò yàtọ̀ sí igi tí wọn ò fi àtè sí. Ewé àti kòkòrò nìkan ló lè dá dúró.

Ìdí nìyẹn tí fóòmù rẹ tó dọ̀tí fi sàn ju èyí tó mọ́ lọ. Oò ṣe ohun tó burú nígbà tó o fọ̀ ọ́, àbọ̀ iṣẹ́ lo ṣe.

Jẹ́ kí n sọ ìdí tí kò fi yẹ kó o fi ṣeré. Yanrìn tó lọ kúnná wà nínú eruku pupa wa yìí, yanrìn sì le ju irin sílíńdà lọ. Bí ẹni fi sáńpépà ha á ni. Lára máṣíìnì tó jẹ́ four-stroke, òkè písítìn ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, orí ríìngì ni wàhálà ti kọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Ti two-stroke tìrẹ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí afẹ́fẹ́ àti epo á kọ́kọ́ gba ilé kiráńkì, irin tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n tó gòkè. Béárìn kiráńkì ni eruku máa kọ́kọ́ kí.

O lè ní eruku mélòó ni. Ó dáa, bá mi ṣírò. Two-stroke ń mí sínú lẹ́ẹ̀kan nínú yíyí kọ̀ọ̀kan. Bí tìrẹ bá ń yí ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí sílíńdà sì ń kún dáadáa, 125 cc lọ́nà 6,000, lítà 750 nìyẹn. Kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25, ọgbọ̀n kẹ́ẹ̀gì afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú kan! Ìṣẹ́jú mélòó lo fi ń dé oko?

Má ta kíkì rẹ̀ mọ́ títí wàá fi fi ọ́ìlì sí fóòmù yẹn.

Ọmọ Ajílété

Bàbá, ẹ ṣé, ẹ̀mí yín á gùn. Ẹ̀rù ti ń bà mí. Wákàtí kan ó dín díẹ̀ ni mo fi ń lọ, bákan náà ni àbọ̀. Ṣé ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́ nìyẹn?

Bàbá Kábú

Oṣù kan ò ní pa á. Fẹsẹ̀ wọ́n kíkì rẹ̀. Bó bá ṣì ń gbé ẹsẹ̀ rẹ sókè bíi tìgbà tó o rà á, kọ́mpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn agbára tí písítìn fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, ṣì wà. Bó bá ti ń rọ̀ lẹ́sẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń tẹ tìmùtìmù, gbé e wá ká ṣí orí rẹ̀.

Ará Sábó

Mo fẹ́ fi kún un, kí n má gbàgbé. Inú àpótí fílítà náà ńkọ́? Eruku tó ti dúró síbẹ̀ ń dúró de ìgbà tí wàá yọ fóòmù ni. Kí o tó fi èyí tó o ṣe padà, fi àkísà tó tutù díẹ̀ nu inú àpótí, kó o sì fi àkísà mìíràn tó mọ́ di ẹnu rọ́bà kábúrétọ̀ kí nǹkan kan má ṣèèṣì já sínú rẹ̀.

Ẹlẹ́ṣin Irin

Kó o sì rántí yọ àkísà náà o! Ọ̀rẹ́ mi kan ta kíkì láti ìyálẹ̀ta títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán. Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó tú kábúrétọ̀, ó bú ẹni tó ta epo fún un. Àkísà wà níbẹ̀.

Ìyá Kaṣú

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi obìnrin tó ń gun AG 100 láti abúlé dé abúlé nígbà kaṣú ni, Tẹ́wùrẹ́, Ìkòyí, gbogbo ẹ̀yìn Oríire yẹn. Oṣù tí kaṣú ń jáde, oṣù eruku ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe tèmi, kì í ṣe pé mo mọ̀ ọ́n ju Bàbá Kábú lọ.

Fóòmù méjì ni mo ní. Ọ̀kan wà lára máṣíìnì, èkejì ti gba ọ́ìlì, ó wà nínú ọ̀rá tí mo so lẹ́nu, ó wà lábẹ́ àga. Bí ọ̀nà bá burú lójọ́ kan, mo lè pààrọ̀ rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò kí n sì máa bá tèmi lọ. Ẹni tó ní ẹyọ kan ló máa ń kánjú, kíkánjú ló sì ń jẹ́ kéèyàn fi fóòmù tí kò tíì gbẹ padà.

Kẹrosíìnì ni mo kọ́kọ́ fi ń fọ̀ ọ́. Ọṣẹ lásán kì í tètè ká ọ́ìlì tó ti di ẹrẹ̀ mọ́ eruku. Mo máa ń da kẹrosíìnì sínú abọ́, mo máa ń ti fóòmù bọ̀ ọ́, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: títẹ̀ ni, kì í ṣe lílọ́. Ẹ má lọ́ ọ bí ẹni ń lọ́ aṣọ tó fẹ́ sá. Fóòmù tí wọ́n bá lọ́ máa ń ya ní ibi tí ojú ò tètè tó, ihò tó tó orí abẹ́rẹ́ kan sì ti sọ gbogbo iṣẹ́ yòókù di asán, torí ibi tó bá rọrùn jù ni afẹ́fẹ́ máa ń gbà.

Lẹ́yìn kẹrosíìnì, mo máa ń fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ abọ́ fọ̀ ọ́. Mo máa ń da omi láti inú fóòmù síta, kì í ṣe láti ìta sínú, kí ìdọ̀tí lè padà gba ibi tó gbà wọlé. Màá ṣe bẹ́ẹ̀ títí omi á fi mọ́. Màá tún tẹ omi kúrò, màá gbé e sí òjìji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Kì í ṣe orí páànù tí oòrùn ń jó. Nínú ọyẹ́ kì í pẹ́ gbẹ rárá, ìyẹn nìkan ni oore tí mo mọ̀ pé ọyẹ́ ń ṣe. Nígbà òjò, ó lè di ọjọ́ kejì. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ dénú, torí ọ́ìlì ò ní gbà níbi tómi bá wà.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló kù. Inú ọ̀rá tí kò lu ni mo ń fi fóòmù sí, màá da ọ́ìlì lé e, màá wá máa po ó bí ẹni ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì, láti ìta ọ̀rá. Ọwọ́ ò ní dọ̀tí, ọ́ìlì ò sì ní ṣòfò. Bí mo bá rò pé ó ti kárí, màá ṣí i wò. Ibi tí ọ́ìlì ò tíì dé máa ń yàtọ̀ láwọ̀, á mọ́lẹ̀ ju ibi yòókù lọ. Màá po ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Níkẹyìn, màá tẹ èyí tó pọ̀ jù kúrò títí tí kò fi ní kán mọ́. Mo máa ń gbé e lé orí ìwé ìròyìn àtijọ́: bí ìwé bá tutù rinrin, ó ṣì pọ̀ jù, bó bá kàn fi àpá sílẹ̀, ó tó.

Ará Sábó

Ìyá wa, iṣẹ́ yẹn pọ̀ jù o. Pẹtiróòlù lèmi ń lò láti ọjọ́ tí mo ti ní máṣíìnì. Rì í bọ̀ ọ́, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti mọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún ó ti gbẹ. Kò sóhun tó ṣe é.

Bàbá Kábú

Ará Sábó, fóòmù rẹ ò ní ìránpọ̀ ni?

Èmi náà fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ rí, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá mi gbé ti oníbàárà fún mi, èèyàn pàtàkì kan ni, mo sì fẹ́ kó tètè gbà á. Ọwọ́ mi ni fóòmù náà ti là. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀ yọ́, ó wá tẹ́jú bí ẹní. Ìgbátí tí mo jẹ lọ́jọ́ náà, etí mi ṣì rántí rẹ̀. Fóòmù tí kò bá là lẹ́ẹ̀kan náà, pẹtiróòlù á sọ ọ́ di gbígbó, á máa já wẹ́wẹ́, kábúrétọ̀ ló sì máa gbé wẹ́wẹ́ rẹ̀ mì.

Ìyẹn tiẹ̀ kéré sí ọ̀rọ̀ iná. Kẹrosíìnì náà ń jó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dà bíi pẹtiróòlù tí òórùn rẹ̀ á rìn nílẹ̀ títí á fi bá ààrò níbi tó wà. Àwa tá à ń gbé ilé àgbàlá, ṣé ẹ mọ ibi tí ìyá àgbà ti ń dáná ní àsìkò tẹ́ ẹ bu pẹtiróòlù sínú abọ́? Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti fi kẹrosíìnì gan-an fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ má mu sìgá nídìí rẹ̀.

Ìyá Kaṣú

Tó bá jẹ́ owó kẹrosíìnì lẹ̀ ń rò, mi ò kì í dà á nù. Màá rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, màá gbé e sílẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹrẹ̀ á ti wà nísàlẹ̀, màá rọra rọ èyí tó mọ́ sọ́tọ̀. Ó tó fọ fóòmù mẹ́rin, márùn-ún.

Ọmọ Ajílété

Ọ́ìlì wo gan-an ni kí n rà?

Bàbá Kábú

Bó o bá rí èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún fóòmù fílítà, òun ló dáa jù. Ó máa ń ní àwọ̀, pupa tàbí búlúù, kéèyàn lè rí ibi tí kò dé. Ó máa ń ṣàn bí omi nígbà tó o bá ń dà á, lẹ́yìn náà ohun tó mú un ṣàn á fẹ́ lọ, á wá ki, á máa lẹ̀. Nítorí náà, má gùn ún lójú ẹsẹ̀, jẹ́ kó dúró díẹ̀.

Bí oò bá rí i, gíà ọ́ìlì SAE 80-90 ń ṣe é. Ìwé tí Honda kọ fún àwọn máṣíìnì rẹ̀ kan tó ní fóòmù gan-an sọ bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tuntun náà ń gbani, ṣùgbọ́n fúyẹ́fúyẹ́ ni. Tó o bá gbé máṣíìnì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, á ti ṣàn sí ìsàlẹ̀ fóòmù, òkè á gbẹ. Tú u wò kó o tó gun oko.

Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n yọ nínú ẹ́ńjìnnì, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ó wà nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù wa, tí wọn kì í sì í gbowó rẹ̀. Irin tó ti jẹ kúrò lára ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀. Kí lo ń dáàbò bò nígbà náà?

Ará Sábó

Àdí ńkọ́? Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ó ń lẹ̀ dáadáa.

Ìyá Kaṣú

Fi àdí yẹn pa ọmọ lára. Púpọ̀ nínú òróró tá a ń jẹ máa ń gan tó bá pẹ́ nínú ooru, fóòmù á le gbagidi. Èèrà á sì bá ọ gun máṣíìnì.

Ọmọ Under-G

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè méjì ni tèmi. Ìkíní, ọ̀kadà tí mo fi ń ná kiri LAUTECH, ìwé ló wà nínú fílítà rẹ̀, kì í ṣe fóòmù. Ṣé kí n fi ọ́ìlì sí i? Ìkejì, mẹkáníìkì kan ní kí n yọ ìwé yẹn sọ nù, kí n gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì sí i, pé á máa fò.

Ẹlẹ́ṣin Irin

Má fi ọ́ìlì sí ìwé tó gbẹ láti ilé iṣẹ́. Ṣe ni á di, ẹ́ńjìnnì ò ní rí èémí mí. Gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́, tó bá ti dúdú jù, ra òmíràn.

Bàbá Kábú

Ti fóòmù bẹ́ẹ̀dì, gbé e sẹ́nu kó o fẹ́ atẹ́gùn sí i, kó o wá fẹ́ sí fóòmù fílítà. Ìwọ fúnra rẹ á mọ̀. Ti bẹ́ẹ̀dì, awọ tín-ín-rín ṣì wà lójú ọ̀pọ̀ ihò rẹ̀. Ti fílítà, wọ́n ti bẹ́ gbogbo awọ yẹn nílé iṣẹ́, okùn nìkan ló ṣẹ́ kù. Òmíràn tiẹ̀ jẹ́ ìpele méjì: èyí tí ihò rẹ̀ tóbi wà níta, èyí tí ihò rẹ̀ kéré wà nínú. Ìsọ̀ ni wọ́n ti ń ra ìyẹn, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì. Ó máa fò lóòótọ́ o, pàápàá tí fóòmù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í já wẹ́wẹ́ tó ń wọ sílíńdà.

Ọmọ Under-G

Bàbá, ẹ ṣé. Mo ti ń wo bẹ́ẹ̀dì èèyàn mi tẹ́lẹ̀.

Bàbá Kábú

Kí n tó lọ jẹun. Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà, òun ni mo sì máa ń bá pàdé jù lọ. Etí fóòmù, ibi tó ti gúnlẹ̀ sí ara àpótí. Ẹlòmíràn á fọ̀ ọ́ dáadáa, á fi ọ́ìlì sí i dáadáa, á wá fi í padà wọ́gọwọ̀gọ. Eruku ò ní gba inú fóòmù rárá, ẹ̀gbẹ́ ni yóò gbà. Fi gíríìsì ra etí yẹn yí ká, tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bí ẹni fi làálì kun ẹsẹ̀. Bó o bá tì í wọlé tán, fi ìka tọ etí rẹ̀ yí po kó o tó de nọ́ọ̀tì. Lọ́jọ́ tó o bá tún tú u, wo gíríìsì náà: bí eruku bá dúró síta rẹ̀ bí ìlà, ó dì dáadáa. Bó bá ti kọjá sínú, ibẹ̀ ni òjò ti ń jò.

Ẹ má sì jẹ́ kí fọganáísà fi afẹ́fẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ. Agbára rẹ̀ pọ̀ ju ti fóòmù lọ.

Ẹlẹ́ṣin Irin

Àti pé tí tírélà bá wà níwájú yín lójú ọ̀nà eruku, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹni tó ń lé e gbá a nídìí ni fílítà rẹ̀ ń kún láàárín ọjọ́ kan.

Ọmọ Ajílété

Ẹ̀yin ará, mo padà dé. Ọjọ́ mẹ́wàá rèé. Mo ṣe é gẹ́gẹ́ bí Ìyá Kaṣú ṣe là á sílẹ̀, gíà ọ́ìlì ni mo lò, mo fi gíríìsì ra etí rẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́ máṣíìnì náà kọ̀, kò dáhùn. Èéfín ń jáde, púlọ́ọ̀gì dúdú, ó tutù. Mo tú fóòmù jáde, mo gbé e lé ìwé ìròyìn, ìwé náà mu ọ́ìlì títí ó fi ya. Mi ò tẹ̀ ẹ́ tó ni. Mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa, mo nu púlọ́ọ̀gì, ta kíkì méjì ló jí.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti lọ oko láti ìgbà náà. Lánàá mo ki ìka bọ inú rọ́bà yẹn. Kò sí nǹkan kan. Mo tiẹ̀ fi háńkíṣíìfù funfun nu ún kó lè dá mi lójú. Gbogbo ìta fóòmù ti pọ́n, inú rẹ̀ ṣì wà bí mo ṣe fi í sí i. Gíríìsì náà ní ìlà, Bàbá, ìta ló wà.

Wàhálà kan ló kù. Abọ́ tí mo fi kẹrosíìnì fọ fóòmù, mi ò mọ̀ pé òun ni ìyàwó mi fi ń rẹ láfún.

Ìyá Kaṣú

Jẹ́ kí n bi ọ́. Ṣé ó ti mọ̀?

Ọmọ Ajílété

Ó ti rẹ ẹ̀gẹ́ sí i láti àná.

Ìyá Kaṣú

Gun máṣíìnì rẹ lọ sí Tákí báyìí, ra abọ́ tuntun méjì. Da ẹ̀gẹ́ yẹn nù kó tó jí.